Ohùn Tíṣà Tìnúadé Lára Ògiri

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi ọ̀wọ́n. Ẹ rọra gbọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìsàlẹ̀ Odò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù yín lónìí. Omi ń bọ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ti wà fún yín lókè. Ẹ má ṣe bá Ìgbìmọ̀ jà. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," ni Oyèníkẹ̀ẹ́ dá ògiri lóhùn. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì sún àga rẹ̀ kí etí ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa, lè kọjú sí ibi tí ohùn ti ń wá.

Ìbídùnní, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń po ògì nídìí sítóòfù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń jáde lọ wa ọkọ̀ ojú irin ìlú, nítorí náà kì í sábà gbọ́ ohun tí ẹnu-ògiri ń sọ láàárọ̀. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nìyí.

"Màámi, kí ló wí yẹn?"

"Ìyá mi ní kí á di ẹrù."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ògì ẹ ń jóná."

Ìbídùnní pa iná, ó sì fi orógùn lu ògiri gbà. Ẹnu-ògiri kò dákẹ́. Èèyàn lè dín ohùn rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pa á. Gbogbo ilé tó wà ní ìlú Òkè-Àyìnlá ló ní tirẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n lu sára ògiri ilé ìdáná. Ọkùnrin kan fi àkísà dí tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gé iná ilé rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Ibẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú ti ń bá aráàlú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i pé kò sẹ́ni tó gba àwọn gbọ́, kò sì sẹ́ni tó gba ẹ̀rọ gbọ́. Àwọn òkú nìkan ni ìlú ṣì fọkàn tán. Ni wọ́n bá kó ohùn àwọn àgbà tó ti kú jọ, wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń sọ ohun tí wọ́n bá ní kó sọ.

Ohùn tó ń jáde ní Ìsàlẹ̀ Odò, àdúgbò tiwọn, jẹ́ ti Tìnúadé Ọláyíwọlá, ìyá Oyèníkẹ̀ẹ́, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tíṣà. Látẹ̀yìnwá, kìkì ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìmọ́tótó ló máa ń sọ, á sì kí àwọn àgbàlagbà lórúkọ. Inú Oyèníkẹ̀ẹ́ máa ń dùn sí i. Ìdí nìyẹn tí Ìbídùnní fi gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n ti òní yìí yàtọ̀. Kì í ṣe òjò ló ń gbé omi bọ̀. Ìgbìmọ̀ ló fẹ́ sọ Ìsàlẹ̀ Odò di adágún, torí àwọn ẹ̀rọ aronú tó wà lórí òkè máa ń gbóná, omi ni wọ́n sì fi ń tù wọ́n lára. Lára àwọn ẹ̀rọ náà ni èyí tó ń fọhùn bí Tíṣà.

Ìbídùnní jáde síta bó ṣe wà. Lójúde, Bàbá Lájùwọ̀n, aládùúgbò wọn tó ń sin oyin, ń di ẹnu àwọn àpótí oyin rẹ̀ pa pẹ̀lú àwọ̀n. Bàbá yìí kan náà ló fi ẹ̀fín tó fi ń lé oyin lé àwọn ìránṣẹ́ Ìgbìmọ̀ jáde nígbà tí wọ́n wá wọn ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà?"

"Tíṣà ló sọ ọ́, ọmọ mi."

"Tíṣà ti kú. Ẹ wà níbi ìsìnkú rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó kú. Àmọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ lè purọ́, èmi ò gbà wọ́n gbọ́ rí. Ètò Tíṣà lórí fóònù ni ìyá mi máa ń gbọ́ nígbà tó bá ń lọ ata. Ṣé wọ́n wá lè fi ohùn èèyàn sọ ohun tí kò ní í sọ láyé ni?"

"Wọ́n lè ṣe é, Bàbá. Òun ni wọ́n ṣe yìí."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Lájùwọ̀n fèsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àpótí mìíràn. "Èmi, etí mi ni mo fi gbọ́ tirẹ̀."

Ìbídùnní kò bá a jiyàn mọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó di Ilé Ohùn, níbi tí Ìgbìmọ̀ kó ohùn àwọn òkú pamọ́ sí.

Ilé náà tutù bí inú àmù. Ní gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, wọ́n gbé àwòrán Tíṣà kọ́, àwòrán ẹ̀rín, wọ́n sì to ẹ̀dà àwọn irinṣẹ́ ayé ọjọ́un sísàlẹ̀ rẹ̀ nínú gíláàsì: fóònù pẹlẹbẹ kan, ẹ̀rọ agbóhùn kékeré olókùn, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Tìnúadé Ọláyíwọlá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe pódíkáàsì ní ìlú yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò Gbọ́ Tẹnu Mi láti fi kọ́ àwọn èèyàn ní sùúrù.*

Ìbídùnní ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ó tún un kà. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìyá àgbà rẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, kò sì sí ìgbà kan tí sùúrù wà nínú ìtàn náà. Obìnrin tó máa ń lé ewúrẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Obìnrin tó máa ń pe ẹni tó bá ṣe ìkà lórúkọ, á tún pè é lẹ́ẹ̀kejì bóyá etí ẹlòmíì fò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Ìbàdàn àti ọkùnrin kan tó ń wa takisí lókè òkun nìkan ló ń gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tiwọn ránṣẹ́ sí i, ẹni tí wọ́n gba oko rẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú sí àgọ́ ọlọ́pàá, Tíṣà á sì gbé ohùn wọn síta láì gé e kúrò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é, títí àìsàn fi gba ọ̀fun rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, gbà á lálejò tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ìdílé Tíṣà," ó wí. "Ẹ káàbọ̀, mà. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ìyá mi àgbà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kúrò ní Ìsàlẹ̀ Odò."

"A ò sọ pé ó sọ ọ́, mà. A sọ pé ohùn rẹ̀ ló sọ ọ́."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

"Òfin mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ohùn tí aráàlú bá ti fetí sí nígbà tí ẹni tó ni ín wà láàyè, ti ìlú ni lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ló kó ohùn náà wá fún wa."

"Ẹ fi agbára gbà á ni. Ẹ ní kí gbogbo ilé kó ohùn òkú wọn wá kí ẹ bá wọn tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá yín wá yẹ abẹ́ ibùsùn wa wò."

"A sì tọ́jú rẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ nígbàkígbà. Ẹ ò béèrè rí ni."

Ó mú un lọ sí yàrá kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì jáde. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni nǹkan jabọ́, obìnrin kan sì pòṣé.

"Ṣé ó ti ń gbà á báyìí? Iná pupa ti tàn. Ó dáa. Èmi ni Tìnúadé Ọláyíwọlá, tíṣà ni mí. Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni mo wà, ní yàrá ọ̀rẹ́ mi, torí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì. Ooru ń mú mi bí ẹni wà nínú ààrò, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Lánàá, wọ́n fi katakata wó ilé wa. Wọ́n ní ọ̀nà máa gba ibẹ̀. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n ní àwọn ò lè gbé e. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìlú, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù kẹ̀. Ẹni tí wọ́n ká òrùlé orí rẹ̀ lọ, ibo ni yóò jókòó sí tí yóò ti máa ṣe sùúrù? Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi sọ ọ́, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́. Ẹni tó bá ní etí, kó gbọ́ tẹnu mi."

Ohùn ọmọdé kan wọlé. "Màámi, ebi ń pa mí."

"Ìwọ Oyè yìí, mò ń gbohùn sílẹ̀. Dákẹ́. Tàbí, wá ná. Wọ abẹ́ ibí. Sọ fún wọn. Kí ni wọ́n wó?"

Bùláńkẹ́ẹ̀tì dún bí ọmọ náà ṣe wọ abẹ́ rẹ̀. "Yàrá mi," ó wí.

Ìbídùnní fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ yẹn. Ohùn Tíṣà fúnra rẹ̀ há, ó gbẹ, ó ń bínú, kò sì jọ adùn olóyin tó ń jáde lára ògiri rárá. Wọ́n wó ilé lé obìnrin yìí lórí, ó torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ láti fi wó ilé ẹlòmíì. Nígbà tí Akíntádé padà wọlé, ó bá a lórí ìdúró.

"Mo fẹ́ kí ẹ pa á lẹ́nu mọ́."

"Òfin fàyè gbà á," ni Akíntádé wí, ó sì fa àga jókòó. "Ọmọ bíbí rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ náà, ìyẹn ìyá yín. Kó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ohùn náà kò ní í jáde lára ògiri kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. A ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èyí tí ẹ gbọ́ tán yìí, a ó pa á rẹ́. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ̀rọ lè tún ibẹ̀ kọ́ ohùn náà, òfin kò sì gbà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe òfin náà."

"Èmi kọ́, mà. Mò ń tẹ̀ lé e ni." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Mo gbọ́ pé ìyá yín máa ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Ẹ ro ti ọjọ́ orí wọn."

Ìbídùnní wálé. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́, ó sì bá a ṣa á. Ọ̀nà méjèèjì burú. Bó bá dákẹ́, irọ́ ni ìlú yóò máa gbọ́, àdúgbò yóò sì tú. Bó bá sọ̀rọ̀, òtítọ́ àti irọ́ ni yóò jọ kú, ìyá rẹ̀ yóò sì jí lọ́la kò ní í rí ẹni kí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe ibi iṣẹ́ pé òun kò ní í wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì ń wò.

"Oyèníkẹ̀ẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n," ni ògiri wí, "ṣé o jí dáadáa? Ṣé o ti di ẹrù rẹ? Àwọn ọkọ̀ ń bọ̀ lónìí, nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí."

Oyèníkẹ̀ẹ́ na ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀. "Mo jí o, Màámi."

"Màámi," ni Ìbídùnní wí, "mo lọ sí Ilé Ohùn lánàá." Ó jókòó tì í, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àtàǹpàkò, ìparẹ́, àti yàrá tí wọ́n wó. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" ó béèrè. "Ìyá mi kò pè mí ní ọmọ mi ọ̀wọ́n rí láyé rẹ̀. 'Ìwọ Oyè yìí' ni. Kódà lórí ibùsùn ikú."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń dá a lóhùn?"

"Ìwọ á ti jáde, Ìbídùn. Ta ló tún kù tó máa pe orúkọ mi láàárọ̀?" Kò sọ ọ́ bí ẹni ń dáni lẹ́bi. Ó dìde, ó wá gèlè rẹ̀. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ kíkí lásán ló máa mọ. Jẹ́ ká lọ."

Ní yàrá onítìmùtìmù, Oyèníkẹ̀ẹ́ gbọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọmọdé náà ní "Yàrá mi," ó bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Wọ́n tún un gbé sí i. Ó ní ó tó.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé gbé ẹ̀rọ àtàǹpàkò wá, ṣùgbọ́n kò tètè gbé e kalẹ̀. "Mà, tí ẹ bá fi ohùn náà sílẹ̀ fún ìlú, mo lè ṣètò kí ẹ máa wá gbọ́ ojúlówó yìí lóṣooṣù. Ọkọ̀ wa ni yóò máa wá gbé yín."

"Ẹ fẹ́ yá mi ní ìyá mi," ni Oyèníkẹ̀ẹ́ wí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"Bí mo bá pa á lẹ́nu mọ́, ta ni yóò sọ fún ìlú pé ó ti lọ?"

Akíntádé wo ilẹ̀. "Ajogún ohùn ní ẹ̀tọ́ láti dágbére. Láti yàrá tó wà lódì-kejì, sí gbogbo ògiri. Àwọn èèyàn kì í sábà lò ó. Wọ́n kàn máa ń sunkún."

"Èmi ti sunkún tèmi tán. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ìyá mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ gba ti ọmọ ẹlòmíì. Gbé e wá."

Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì dì í mọ́ ọn títí iná fi yí padà. Ìbídùnní rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe rọ̀ wálẹ̀. Kò sí ariwo kankan. Nínú ilé náà níbì kan, Tíṣà ti ń parẹ́.

Wọ́n mú un dé iwájú agbóhùn. Ó súnmọ́ ọn bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí etí ọmọ.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Àyìnlá, ẹ kú ọjọ́. Èmi ni Oyèníkẹ̀ẹ́, ọmọ Tíṣà. Alààyè ni mí, ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ohùn tó ń sọ fún yín pé kí ẹ di ẹrù, kì í ṣe ìyá mi. Ẹ̀rọ ni. Ìgbìmọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

Akíntádé dìde. Ó kọjú sí ibi tí bọ́tìnnì wà lára ògiri. Ìbídùnní ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti bọ́tìnnì náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ sọ pé òfin ni."

"Ìdágbére ni òfin wí. Èyí kì í ṣe ìdágbére."

"Ẹ fi ọwọ́ kàn mí, kí gbogbo ìlú gbọ́ ariwo mi."

Akíntádé dúró níbi tó wà, kò sì jókòó.

Oyèníkẹ̀ẹ́ kò wẹ̀yìn. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láti kọ́ yín ní sùúrù. Irọ́ ni. Wọ́n wó ilé wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́, ó wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú ooru, ó sì sọ ọ́ síta. Mo wà níbẹ̀. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tó sọ láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, wọ́n ti pa á rẹ́ báyìí, èmi ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ohun tí mo fẹ́ bi yín kò pọ̀. Bí ohun tí Ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe bá dára, kí ló dé tí wọn kò lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́? Ó tán. Ó dìgbà o, Màámi."

Kò sẹ́ni tó dí wọn lọ́nà bí wọ́n ṣe ń jáde. Nínú ọkọ̀, àwọn èrò tó dá ohùn rẹ̀ mọ̀ ń wo Oyèníkẹ̀ẹ́. Obìnrin kan dìde fún un. Ìyá náà jókòó, ó gbé orí lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó sì sùn títí wọ́n fi dé odò.

Àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti tò sójúde Ìsàlẹ̀ Odò. Àwọn ilé kan ti ṣófo. Àwọn kan ti lọ láti àárọ̀, bóyá wọn yóò padà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àmọ́ àwọn tó kù ti gbé àga wá síta, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n kàn ń wo ọkọ̀. Bàbá Lájùwọ̀n ti tú àwọ̀n kúrò lẹ́nu àwọn àpótí rẹ̀. Oyin ń fò káàkiri níbi tí àwọn awakọ̀ dúró sí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lé e.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà, ọkùnrin àjèjì tí oòrùn ti pa, wá bá a. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa. Ṣé ẹ ò lọ mọ́ ni?"

"A ò lọ mọ́."

"Kí ni ká wá sọ fún àwọn ọ̀gá wa?"

Bàbá Lájùwọ̀n rí Oyèníkẹ̀ẹ́ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó ṣí fìlà fún un, ó sì fi àga tirẹ̀ lọ̀ ọ́ kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló tó yíjú padà sí awakọ̀ náà.

"Ẹ sọ fún wọn pé a wà nílé," ó wí. "Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn bá wa sọ ọ́."